Ṣílè Méjì àti Sísì: Láti Èrékò dé Òṣogbo

Ọjọ́ Ajé, Èkó

Bi ọmọ ilé ìwé nílẹ̀ yìí pé ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kò ní ronú kó tó dáhùn: "Obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn ní ìtàn, ìdáhùn yìí sì ti sú mi. Obìnrin tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ dó ti ààfin Aláké nítorí owó-orí obìnrin, mọ́tò la wá fi ń rántí rẹ̀! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta aṣọ ní Balógun, wá sọ pé àwọn ń lọ kó àdìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, tí ilé ìwé sì ti gba ìsinmi, mo ní ká jọ lọ, ká gba Ìbàdàn àti Òṣogbo bọ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ibi tí wọ́n ti ja ìjà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, ṣùgbọ́n èmi ni màá ru ẹrù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo fà wọ́n lọ sí Èrékò, tí kò jìnnà sí ìsọ̀ wọn. Ọjà ṣì kún. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta ike bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà rí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wọn?"

Ṣọ́ọ̀bù kọ́, gbogbo ọjà náà ni. Ẹja ni Pẹlẹ́wùrà ń tà. Kò kàwé, Mùsùlùmí ni, òun sì ni àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó fi ṣe olórí. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ní obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó-orí. Obìnrin kò ní ìbò nígbà náà o. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà, wọ́n sì tibẹ̀ gba ilé Herbert Macaulay lọ. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé £50 yẹn lọ sí £200. Obìnrin tó ń rí £200 lọ́dún láyé ìgbà náà, ẹ lè fi ìka kà wọ́n, nítorí náà àwọn ọlọ́jà bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Captain Pullen, aláṣẹ òyìnbó kan, dé lásìkò ogun Hitler, tó fẹ́ máa bá wọn dá iye tí wọ́n á ta gààrí. Wọ́n bá òun náà fà á títí ogun fi parí ní 1945 tí ètò rẹ̀ sì wọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "Irú ìyá bẹ́ẹ̀ la nílò báyìí tí àwọn agbèrò ń gba owó lọ́wọ́ wa láàárọ̀, tí wọ́n tún ń gbà á lálẹ́."

Kò jìnnà sí àwọn ọlọ́jà yìí ni àwọn obìnrin onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ń gbìyànjú tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 1944, Lady Oyínkán Abáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ ìjọba, ilé ìwé ọmọbìnrin àti ìbò ni wọ́n ń béèrè. Obìnrin Èkó dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú ní 1950. Ẹgbẹ́ náà fa àwọn ènìyàn sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó wọlé. Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951. Èrò mi ni pé bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fà sílẹ̀ ni, ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fa ènìyàn sílẹ̀ kì í wo ìsọ̀ ẹja.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lójú irin

Rélùwéè la gbà. Orúkọ èèyàn ńlá ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan láti Èkó dé Ìbàdàn: Mobolaji Johnson ní Ebute Metta níbi tí a ti wọ ọkọ̀, Fáṣọlá ní Agége, Jákàńdè ní Agbádó, Ọ̀ṣínbàjò ní Kájọlà. Ọkùnrin ni gbogbo wọn àyàfi ti Pápálántó, òun ni wọ́n fún Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Mo nawọ́ sí i nígbà tí a ń kọjá.

"Ẹni tẹ́ ẹ ní ó wa mọ́tò," ẹ̀gbọ́n mi ní, "rélùwéè lẹ tún fi dá a lọ́lá."

A sọ̀ ní Láderin, l'Ábẹ́òkúta. Ọ̀nà jìn díẹ̀ sígboro, tásì sì gbówó lé wa bí ẹni pé ìlú òyìnbó la ti dé.

Ọjọ́rú, Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ná ọjà bí ẹni ń jà. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ, wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ṣe, aró máa ń wọ inú òwú rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá ju ojú rẹ̀ lọ. "Ìyá, èyí kì í ṣe tiyín," wọ́n sọ fún obìnrin tí a bá lórí ìsọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ba, ó fa ìdì kan jáde lábẹ́ ìjókòó: ẹlẹ́kọ gidi, tí òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀, tí ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti kọjá lórí ẹ̀kọ ṣì ń hàn. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń béèrè èyí tó pọ́ọ́kú, òun ò sì lè torí àṣà fi ebi pa ọmọ.

Àríyànjiyàn lórí aṣọ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílùú náà. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà tó lágbára àti aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá jẹ́. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, nítorí sódà yẹn ló ń mú iṣẹ́ wọn yá. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Mo sọ eléyìí nítorí àwọn tó máa ń kọ̀wé bí ẹni pé Ransome-Kuti ló jí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lójú oorun. Wọ́n ti mọ ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni owó-orí. Ọdún 1918 ni ìjọba òyìnbó gbé e dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún yẹn gan-an ni ogun Adúbí, tí àwọn Ẹ̀gbá bá òyìnbó jà, ṣẹlẹ̀. Níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin nìkan ló ń san án. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n bu ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, wọ́n bu ṣílè méjì àti sísì, ìyẹn ìdajì rẹ̀, fún obìnrin, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí san án tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san kọ́bọ̀. Ìwé ọjọ́ orí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báwo wá ni agbowó-orí ṣe máa mọ ẹni tó ti tó? Wọ́n á bọ́ aṣọ lára ọmọ náà láti wo ọyàn rẹ̀. Lójú títì. Lára ohun tí ẹgbẹ́ obìnrin kọ sínú ẹ̀sùn wọn nìyẹn, mo sì gbà pé bí kò bá sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀sùn náà, ó tó.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nígbà tí mo sọ èyí. Ọmọbìnrin wọn àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Lálẹ́, a jẹ ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n wé sínú ewé, ọbẹ̀ ata rẹ̀ ta débi tí a kò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ẹnu wa tù, mo ní ìrẹsì báyìí gan-an ló sọ ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé di ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà. Fúnmiláyọ̀, ọmọ Thomas, tí wọ́n bí ní 1900, ló kọ́kọ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ní Abeokuta Grammar School, ní 1914. Ó lọ sí ilé ìwé ní Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, nígbà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìbò ní 1918. Nígbà tó padà dé, kò jẹ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀, Frances Abigail, mọ́. Ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ní 1925. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn ìyá oníwèé ni: aṣọ rírán, kéèkì, ìmọ́tótó. Bí ẹ bá wo ẹgbẹ́ náà lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tí ọba fi máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ní 1944 ni wọ́n mú obìnrin ọlọ́jà kan wá, ó fẹ́ mọ̀wé kà. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún dé. Ẹni tó bá ti jókòó kọ́ a-b-d lálẹ́, kì í pẹ́ kó tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti àwọn pàràkòyí ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn, wọ́n ní ti àwọn ológun ni, owó tí wọ́n sì ń fún àwọn kò tó èyí tí àwọn fi rà á. Nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ san nǹkan kan. Ìyá oníkéèkì kò lè gbọ́ irú èyí kó tún padà sídìí kéèkì. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin. Àwọn òpìtàn fojú dá a pé iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000.

Ìgbà yẹn ni Ransome-Kuti pa gáùn tì. Ìró, bùbá àti gèlè ló kù tó ń wọ̀. Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ tí kò bá yé wọn.

Ọjọ́bọ̀, Aké

Iwájú ààfin Aké fẹ̀, ọkọ̀ ń kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣeré. Ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's wà nítòsí, Centenary Hall náà kò jìnnà. Lábẹ́ ìbòòji kan, a bá bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn àná. A kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin 1947 ló gbé wa wá.

"Mo wà níbẹ̀," wọ́n ní.

Mo wò wọ́n.

"Ìyá mi pọ̀n mí wá. Èmi ò rántí nǹkan kan o, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní ẹ̀kọ ni ìyá wọn ń tà nígbà náà, àwìn ló sì ta gbogbo ẹ̀kọ alẹ́ ọjọ́ náà fún àwọn tó sùn síta. Títí tí ìyá fi kú, wọ́n ṣì ń dárúkọ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè.

Òpin oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ 29 mọ́ ọjọ́ 30. Ó lé ní 10,000 obìnrin tó dó yí ààfin ká, tí wọ́n sì kọrin mọ́jú. Orin náà kì í ṣe orin tí mo lè kọ síbí. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ọba àti ohun tó wà lábẹ́ ìró ni, àti ìwọ̀n èyí tó yẹ kó jẹ́ ọkọ fún ìkejì. Mo dábàá kíkọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi wọ́n sí i. Ìjọba kì í fún wọn níwèé àṣẹ ìwọ́de, nítorí náà wọn ò pè é ní ìwọ́de mọ́. Píníìkì ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ń lọ ṣe píníìkì lẹ́nu ọ̀nà ọba! Wọ́n ti kọ́ ara wọn sílẹ̀ pé tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, kí wọ́n fi aṣọ bo imú àti ojú, kí wọ́n he agolo náà nílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ padà fún ẹni tó jù ú.

Wọ́n padà wá ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, nítorí àwọn kan nínú wọn tí wọ́n tì mọ́lé. Wọn ò kúrò títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀.

Bàbá ní àwọn kan gbé orò jáde láti lé àwọn obìnrin wọlé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Abẹ́òkúta, tí mo sì ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni pé Ransome-Kuti gba ọ̀pá orò lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e sílé níbi tí ojú gbogbo ènìyàn á ti tó o. "Kò sì kú," Bàbá ní, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yà wọ́n lẹ́nu. Ìtàn kejì tí wọ́n fẹ́ràn ni ti aláṣẹ òyìnbó tó ní kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ransome-Kuti dá a lóhùn pé wọ́n bí i lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ, ó sì bi í bóyá bó ṣe ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò gbà ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ.

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń sọ. Èyí tí wọn kì í sọ ló wù mí jù: ẹgbẹ́ náà gba akáùǹtáǹtì. Wọ́n yẹ ìwé ìṣirò owó ìlú wò, wọ́n sì gbé àbá kalẹ̀ nípa ibi tí owó lè ti wá tí wọn kò bá gba ti obìnrin mọ́, pé kí wọ́n bu owó-orí fún àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ. Ọba lè fara da orin èébú. Ìwé ìṣirò ni kò ní èsì. Wọ́n tún béèrè pé kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà, nítorí òyìnbó ti sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo, ó sì ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn olóyè yòókù, Ìyálóde náà kún wọn.

Ní 1948, Aláké kúrò nílùú, wọ́n lọ sí Òṣogbo, wọ́n sì fi orí oyè sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú.

"Ọba náà kì í ṣe ènìyàn burúkú," Bàbá ní. "Òyìnbó ló tì wọ́n síwájú."

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. "Ẹni tí wọ́n tì síwájú tó sì gba owó, Bàbá, ṣé wọ́n tì í ni tàbí ó ń rìn?"

Wọ́n fà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì jókòó. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kò ní láti mọ ẹni tó ti ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gba iwájú ilé Ransome-Kuti ní Isabo kọjá. Ọmọ mẹ́rin ló bí: Dólúpọ̀, Olíkóyè tó di mínísítà ìlera, Fẹlá, àti Bẹ́kọ̀ dókítà. Ní 1970, ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin. Ní oṣù Kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n ju ìyá láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀; ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìbàdàn

Ní 1947, Ransome-Kuti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ dọ́gba kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó lọ nígbà tí mọ́tò wa gba Challenge, níbi tí ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà dúró sí. Ìyálóde Ìbàdàn ni, ọlọ́rọ̀ ni, ó ní ẹrú, ó ní oko, ó ń fún àwọn jagunjagun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Nígbà tó ní kí wọ́n san gbèsè, tí kò sì fọwọ́ sí ogun Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, mọ́, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì rán àwọn tó pa á. Ọdún 1874 ni. Òyìnbó kankan kò jókòó níbi tí wọ́n ti gbìmọ̀ rẹ̀. Ohun tí òyìnbó bà jẹ́ ni ìjókòó obìnrin nínú ìgbìmọ̀; ìjókòó náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ló yí òun ká.

Mólété ni mo fẹ́ dé gan-an. Ibẹ̀ ni ilé ìwé ọmọbìnrin tí Wuraọlá Ẹ̀san dá sílẹ̀ ní 1944 wà. Ní 1960, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì padà di Ìyálóde Ìbàdàn ní 1975. Wọ́n yàn án síbẹ̀ ni o, wọn kò dìbò yàn án. Ìbàdàn yìí kan náà ni Elizabeth Adékọ̀gbé ti dá ẹgbẹ́ obìnrin tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1952, tó ń béèrè ìbò fún gbogbo obìnrin àti àyè nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ransome-Kuti pe ìpàdé ńlá tiẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1953. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan. Wọn ò di ọ̀kan. Ọmọ NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azíkíwè, ni ti Abẹ́òkúta, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, ló sì gbilẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibi tí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọkùnrin ti pààlà, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin náà pààlà sí, ó sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ Aláké lọ.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín ẹ̀dùn. Nígbà ìbò 1954, gbogbo àgbàlagbà, tọkùnrin tobìnrin, ló dìbò ní Ìlà-Oòrùn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, ẹni tó bá san owó-orí ni. Owó-orí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sùn síta nítorí kí wọ́n má san án mọ́, òun náà ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìbò. Ó di 1959 kí gbogbo obìnrin gúúsù tó dìbò láìsí ọ̀rọ̀ owó-orí. Ní Àríwá, ó di 1976, lábẹ́ ìjọba ológun. 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò nínú ìdìbò gbogbogbòò. Gambo Sawaba, obìnrin olóṣèlú kan níbẹ̀, ti ń sọ ọ́ láti àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń tì í mọ́lé, tí wọ́n ń tú u sílẹ̀, tí wọ́n tún ń tì í.

Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ díje fún ilé aṣòfin ní 1951, kò wọlé. Ní 1959, ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti fà á sílẹ̀. Ó dá dúró, wọ́n lé e, ó tún fìdí rẹmi. Ó gba ìbò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, ìbò náà kò gbé òun débì kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Òṣogbo àti ọ̀nà Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi ra aṣọ díẹ̀ sí i. Èmi fẹ́ rí ìlú tí Aláké sá wá ni. Oṣù Kejìlá 1950 ni wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì padà jókòó lórí oyè. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó lé wọn kò fẹ́ gbọ́ rárá, àwọn mìíràn lọ kí wọn káàbọ̀. Afinimọ̀nà kan lójúbọ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ṣe ta Ọ̀ṣun nù nínú ìgbìmọ̀, tí gbogbo iṣẹ́ wọn fi dàrú títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. Ìtàn náà dára, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń sọ ọ́ lórí pèpéle ló máa ń sọ ọ́ kí wọ́n má bàa fún obìnrin ní fọ́ọ̀mù láti díje.

Bọ́ọ̀sì Èkó la wọ̀ lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó ní òun náà díje dupò káńsẹ́lọ̀ nínú ìbò ìbílẹ̀ tó kọjá.

"Ó dé tí o ò wọlé?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Mọ́mì, n ò tilẹ̀ dé ibi ìbò. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù obìnrin. Inú mi dùn. Mo wá débẹ̀, wọ́n ní fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n owó ìfẹ́-hàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo san án." Ó da aṣọ orí rẹ̀ sẹ́yìn. "Owó kọ́ ni ìṣòro. Ìpàdé ni. Aago mọ́kànlá òru, ní òtẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá lọ, wọ́n á ní irú obìnrin wo lèyí? Tí n kò bá lọ, wọ́n á ní mi ò ṣe tán. Wọ́n wá bi mí níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́tàdínlógún, pé kí ni ọkọ mi sọ. Wọn ò bi ọkùnrin kankan pé kí ni ìyàwó rẹ̀ sọ."

Mo sọ fún un pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, ilé aṣòfin l'Ábújá da àwọn àbá òfin tó máa fún obìnrin láyè nù, àti pé obìnrin mẹ́rin ló wà nínú àwọn aṣòfin àgbà 109 tó wọlé lẹ́yìn ìbò 2023. Ó ní òun mọ̀. Àwọn obìnrin tó dó sí ẹnu géètì ilé aṣòfin lẹ́yìn tí wọ́n da àbá náà nù, òun wà lára wọn. Ọjọ́ méjì lòun lò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá ó gbọ́ ti Ransome-Kuti.

"Ẹni tó wa mọ́tò?" ó ní.

Láti Gbọ̀ngán títí a fi kọjá Ìkirè, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ìtàn náà, kì í ṣe èmi. Wọ́n sọ ti ṣílè méjì àti sísì, wọ́n sọ ti ìrẹsì, wọ́n sọ ti akáùǹtáǹtì, wọ́n sì fi orin tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ kún un, ní ohùn tó tó kí dẹ́rẹ́bà gbọ́. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà ní tí ìbò ìbílẹ̀ bá tún dé, òun á pe ìpàdé náà wá sí ilé òun ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun á sì se jọ̀lọ́ọ̀fù fún wọn kí wọ́n lè wá.

"Má ṣe sè é lọ́fẹ̀ẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó san sílẹ̀."